Ẹ Má Pa Ìwọ̀n Tó Dá Yàtọ̀ Rẹ́: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Wọn Ìsàlẹ̀ Omi Wa

Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní ẹ̀ka Ọmọ Ogun Ojú Omi Nàìjíríà tó ń wọn omi tó sì ń ya ṣáàtì, ẹ̀yin aláṣẹ Àjọ Èbúté Nàìjíríà, àti ẹ̀yin ilé-iṣẹ́ tí ẹ ń gba iṣẹ́ yìí ṣe, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo gbé wá síwájú yín ní gbangba, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi àlìkámà òkè òkun ṣe, tó ń ra epo, tàbí tó ń retí kọ̀ntéínà ní Apapa. Ẹ̀bẹ̀ náà ni pé kí ẹ fi òfin sí i pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ìwọ̀n ìjìn omi rẹ́ kúrò nínú dátà kìkì nítorí pé kò bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Kí wọ́n sàmì sí i, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi fura sí i, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ síbi tí ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la. N kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ni mo ń wò, mo sì rí ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé láìsí ẹni tó jẹ̀bi rẹ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ló sì ṣòro jù láti tọpa.

Láyé àtijọ́, okùn tí wọ́n so òjé mọ́ lẹ́nu ni wọ́n fi ń wọn omi. Atukọ̀ á ju òjé sómi, á ka àmì ara okùn, á kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí. Ìwọ̀n kan lè jìnnà sí èkejì gan-an, ohun tó bá sì wà láàárín wọn, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Lóde òní, ìró la fi ń wọn ọ́n. Ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ á ké, ìró rẹ̀ á kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀, á padà wá. Nítorí pé ìró ń rin nǹkan bí 1,500 mítà nínú omi láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, a lè fi àkókò tó lò ní àlọ àti àbọ̀ ṣírò bí omi ṣe jìn tó. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní multibeam kì í ké sí ojú kan ṣoṣo. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ojú ló ń gbọ́ látọ̀tún dé òsì ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní omi tí kò jìn ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ọkọ̀ tó rìn fún wákàtí kan, ìwọ̀n tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti di àràádọ́ta ọ̀kẹ́.

Irọ́ kò lè ṣàì sí nínú ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Agbo ẹja á gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá, ẹ̀rọ á rò pé ilẹ̀ ló gbé sókè. Ìfófòó tí ọkọ̀ mìíràn fi sílẹ̀ á dá ìró padà kó tó dé ìsàlẹ̀. Ìró lè kan ilẹ̀, kó padà kan ojú omi, kó tún lọ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rọ á wá kọ ìjìn tó jẹ́ ìlọ́po méjì òótọ́ sílẹ̀. Ní ọ̀sà Èkó, ewéko orí omi tún ń wọ́ wọlé lásìkò òjò pẹ̀lú ọ̀rá àti pàǹtírí ìgboro. Ẹrẹ̀ ibòmíràn sì rọ̀ débi pé ìró tó tínrín á kan orí rẹ̀, ìró tó ki á wọ inú rẹ̀ lọ, ẹ̀rọ méjì á fi pe ìjìn méjì ní ojú kan náà. Gbogbo èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ariwo, wọ́n sì ní láti sẹ́ ẹ kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣáàtì yóò kún fún òkè tí kò sí. Títí dé ibẹ̀, èmi àti wọn kò ní ìjà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé, nínú omi kan náà, òótọ́ máa ń wọ aṣọ ariwo. Òpó ọkọ̀ tó rì kì í fẹ̀. Ìwọ̀n kan tàbí méjì ló lè kàn án nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Gẹdú tí wọ́n ń fi omi gbé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la pákó, tó bọ́ lójú ọ̀nà tó sì rì, kò ju ìlà tínrín kan lọ lójú ẹ̀rọ. Ìdákọ̀ró tó já, kọ̀ntéínà tó ṣubú sómi, òpó irin tí wọ́n gé kù nígbà tí wọ́n ń wó èbúté àtijọ́: gbogbo wọn dá dúró, wọ́n ga ju àyíká wọn lọ, wọn kò sì ní ẹlẹ́rìí púpọ̀. Òkú ọkọ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n nínú omi wa. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìjọba ti ń sọ̀rọ̀ kíkó wọn kúrò. Bí asẹ́ bá ti jẹ́ èyí tó ń mú ẹnikẹ́ni tó dá yàtọ̀, ohun tó lè rì ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ mú.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà dán an wò, nọ́ńbà tí mo fọwọ́ ara mi tò fún àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ìwọ̀n mẹ́sàn-án bọ́ sí ojú kan náà, ní mítà: 14.1, 14.2, 14.0, 14.3, 14.1, 11.6, 14.2, 14.0, 14.2. Bí a bá ro wọ́n pọ̀ tí a pín in, nǹkan bí 13.9 la ó rí. Bí a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá tí a mú èyí tó bọ́ sí àárín, 14.1 ni. Ọ̀nà kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń yìn, wọ́n ní ìwọ̀n kan tó ya kò lè fà á sọ́tùn-ún sósì. Òótọ́ ni, kò lè fà á. Gbígbé ló gbé ìwọ̀n náà mì. Bí 11.6 bá jẹ́ ẹja, iṣẹ́ ti dára. Bí ó bá jẹ́ òpó ọkọ̀ tó rì, ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wọ omi ní mítà 13 yóò ka 14.1 lórí ṣáàtì, yóò gbà pé òun ní àyè tó lé mítà kan lábẹ́, yóò sì gbé ikùn lé irin. Nọ́ńbà kan náà ni nínú ọ̀ràn méjèèjì. Kò sí ìṣirò lórí mẹ́sàn-án yẹn tó lè sọ fún yín èwo ni ẹja, èwo ni irin.

Ẹlòmíràn yóò ní ìpíndọ́gba lásán kọ́ ni àwọn ń lò. Pé àwọn máa ń wo bí ìwọ̀n ṣe fọ́n ká tó, èyí tó bá sì jìnnà sí ìpíndọ́gba ju ìlọ́po mẹ́ta ìfọ́nká náà lọ ni àwọn ń yọ. Ẹ mú òfin yìí wá sórí mẹ́sàn-án òkè yìí. Ìfọ́nká wọn jẹ́ nǹkan bí 0.85, 11.6 fi nǹkan bí 2.26 jìnnà sí ìpíndọ́gba, ìyẹn ìlọ́po 2.65. Kò tó mẹ́ta, ó kọjá. Ó dára, àbí? Ẹ wá fi 1.6 rọ́pò 11.6, ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé irọ́ ni. Kò ní tó mẹ́ta síbẹ̀. Ìwọ̀n tó ya náà fúnra rẹ̀ ló ń na ìfọ́nká, bó ṣe ń sá jìnnà bẹ́ẹ̀ ni òpin tó yẹ kó mú un ń sá síwájú rẹ̀. Bí ìwọ̀n tó wà lójú kan kò bá ju mẹ́wàá lọ, ìkankan nínú wọn kò lè ya débi tí òfin ìlọ́po mẹ́ta yóò fi mú un láéláé. Kókó ìṣirò ni èyí, kò ní í ṣe pẹ̀lú irú omi tí a wọ̀n. Bí wọ́n bá wá dín òfin náà kù sí ìlọ́po méjì, òpó ọkọ̀ bá ẹja lọ. Òfin kan ṣoṣo, lórí omi kan ṣoṣo, ń jẹ́ kí irọ́ kọjá níbi kan, ó sì ń lé òótọ́ jáde níbòmíràn, kìkì nítorí iye ìwọ̀n tó ṣèèṣì bọ́ sí ojú kọ̀ọ̀kan. Ohun tí n kò fẹ́ kí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ni agbára láti parẹ́. Kó máa tọ́ka sí ohun tó yẹ kí ènìyàn wò, ìyẹn tó o.

Àwọn onímọ̀ ti rí èyí ṣáájú wa. Ní 2003, Brian Calder àti Larry Mayer ní Yunifásítì New Hampshire, ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n ń pè ní CUBE. CUBE kì í jókòó dájọ́ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan pé kí ìwọ dúró, kí ìwọ máa lọ. Á kọ́kọ́ ṣírò bí àṣìṣe inú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe lè pọ̀ tó, á wá kó àwọn tó fara mọ́ra jọ sí èrò kan nípa ìjìn ojú ibẹ̀. Bí àwọn kan bá ń sọ 14.1 tí àwọn mìíràn ń sọ 11.6, á di èrò méjèèjì mú pọ̀, á yan èyí tó rí i pé ó lágbára jù, á sì jẹ́ kí oníṣẹ́ mọ̀ pé iyàn wà níbẹ̀. Ibi tí iyàn bá wà nìkan ni ojú ènìyàn nílò láti lọ. NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ojú ọjọ́, tún fi kún un pé bí oníṣẹ́ bá gbà pé orí àpáta tàbí òkú ọkọ̀ ga ju ohun tí ìṣirò fi hàn lọ, ó lè yan ìwọ̀n kan ṣoṣo, kó sì fi dandan mú kí ojú máàpù náà tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n kan borí ẹgbẹ̀rún, nítorí pé ènìyàn wò ó tó sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n CUBE kì í ṣe oògùn. Bí ilé-iṣẹ́ tó wọn omi bá ti fi asẹ́ ti ara rẹ̀ pa 11.6 rẹ́ kó tó gbé dátà lé yín lọ́wọ́, èrò kejì ti kú kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè ra sọ́fúwíà tó wọ́n jù lọ láyé, ohun tí kò sí nínú fáìlì kò sí nínú fáìlì.

Àṣìṣe mìíràn wà tí asẹ́ kankan kò lè mú, tí pípa ìwọ̀n rẹ́ sì ń bò mọ́lẹ̀. Ìró kì í rìn bákan náà nínú gbogbo omi. Nínú omi tí kò ní iyọ̀, tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ń rin nǹkan bí 1,504 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú omi òkun gidi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ bákan náà, nǹkan bí 1,541 ni. Èkó wà láàárín méjèèjì. Lọ́gbẹlẹ̀, iyọ̀ òkun máa ń wọ ọ̀sà; bí òjò bá dé, odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn á da omi aláìníyọ̀ sí i, omi fífúyẹ́ yìí á sì gun orí omi iyọ̀ ní ẹnu ọ̀nà òkun. Ká ní ẹnìkan fi iye omi òkun wọn omi òjò: ní ibi tó jìn ní mítà 15, ẹ̀rọ yóò fi nǹkan bí sẹ̀ntímítà 37 bù kún ìjìn. Yóò sọ pé omi jìn ju bó ṣe jìn lọ, èyí tó jẹ́ ìhà tó léwu. Òṣùwọ̀n àgbáyé tí wọ́n ń pè ní S-44, tí International Hydrographic Organization tí Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní 2020, kò fàyè gba ju nǹkan bí sẹ̀ntímítà 27 lọ fún àròpọ̀ gbogbo àṣìṣe ní irú ìjìn yẹn, ní ìpele Special Order tó wà fún ibi tí àyè abẹ́ ọkọ̀ ti há. Èyí tó le jù ni mo mú, mo gbà, nítorí pé omi kì í sábà yí padà látòkè délẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ pàápàá ti jẹ púpọ̀ nínú àyè náà kí a tó ka ti kíkún àti fífà omi, kí a tó ka ti ìmì ọkọ̀.

Nínú irú àṣìṣe báyìí, gbogbo ìwọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ gan-an yóò fohùn ṣọ̀kan, wọn yóò sì jọ parọ́ pọ̀. Asẹ́ tó ń wá ẹni tó yàtọ̀ kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ibi kan ṣoṣo tí àṣírí ti máa ń tú ni etí ìlà, níbi tí ìró ti gba ọ̀nà ìdagẹ̀rẹ̀ jáde lọ sí ọ̀tún àti òsì: níbẹ̀, ìwọ̀n á tẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀, kò sì ní bá ti ìlà tí ọkọ̀ gbà lẹ́yìn náà mu. Oníṣẹ́ tó ń kánjú yóò wo etí tó tẹ̀ yìí, yóò pè é ní ariwo, yóò gé e kúrò. Àárín tó kù yóò dán, yóò lẹ́wà lójú, àṣìṣe yóò sì wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá fi etí náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì, tí wọ́n sì tọ́jú àkókò tí ìró fi rìn gan-an pẹ̀lú àkọsílẹ̀ iyọ̀ àti ìgbóná omi ọjọ́ náà, ẹlòmíràn lè tún gbogbo rẹ̀ ṣírò lọ́dún márùn-ún òní. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, àfi kí ọkọ̀ tún lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ sórí ewu ọkọ̀. Owó ìlú wà níbẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà ṣáájú wíwa yanrìn àti èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò iye yanrìn tí wọ́n wà, orí rẹ̀ sì ni owó agbaṣẹ́ṣe dúró lé. Ká ní ọ̀nà omi kan fẹ̀ ní 200 mítà, ó sì gùn ní kìlómítà 10. Bí ọ̀nà tí wọ́n gbà sẹ́ dátà ṣáájú bá gbé ilẹ̀ sókè ní sẹ̀ntímítà 10 péré ju ọ̀nà tí wọ́n gbà sẹ́ ti ẹ̀yìn lọ, yanrìn tí kò sẹ́ni tó wà á ti di 200,000 mítà kúbíìkì, lórí ìwé. Kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni jalè kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ó tó kí oníṣẹ́ méjì yan asẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì ju ohun tí asẹ́ wọn mú nù. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ ìwé náà wò lẹ́yìn náà, kí ni yóò yẹ̀ wò?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí bóyá ìtàn jẹ́rìí sí i pé ohun tí a fura sí tí a kò sì gbé síwájú lè pa ènìyàn. Ó jẹ́rìí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní 2005, ọkọ̀ abẹ́ omi USS San Francisco fi eré sísá lu òkè abẹ́ òkun kan ní gúúsù ìlà-oòrùn Guam. Atukọ̀ kan kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù ló farapa. Ṣáàtì tí wọ́n ń wò kò fi òkè náà hàn. Ìwádìí tí Ọmọ Ogun Ojú Omi Amẹ́ríkà ṣe lẹ́yìn náà sọ pé àwọn ṣáàtì mìíràn wà nínú ọkọ̀ kan náà tó ní àmì ewu ní àdúgbò ibẹ̀, wọn kò sì gbé àmì náà kọjá sórí èyí tí wọ́n ń lò. Ìfura ẹnìkan wà lákọsílẹ̀ níbòmíràn. Ohun tó sọnù ni ọ̀nà tí ìfura náà ì bá gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀. Ti Queen Elizabeth 2 yàtọ̀ díẹ̀: nígbà tí ọkọ̀ èrò ńlá yẹn ha lé àpáta nítòsí erékùṣù Cuttyhunk, ní Massachusetts, ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 1992, ìwọ̀n ọdún 1939 ló wà lórí ṣáàtì ibẹ̀, ó kéré níye, àpáta náà sì bọ́ sí àárín wọn. (Eré tí ọkọ̀ náà ń sá tún mú kí ìdí rẹ̀ jin sómi ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ẹjọ́ mìíràn.) Multibeam ti gbà wá lọ́wọ́ irú àlàfo 1939 yẹn. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra kí asẹ́ má dá a padà fún wa nígbà tí àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ìwọ̀n wà lọ́wọ́ wa.

Àtakò tó lágbára jù tí mo mọ̀ ni ti àwọn atukọ̀ fúnra wọn. Wọ́n lè sọ pé: bí ẹ bá ń tọ́jú gbogbo ìfura, ṣáàtì yóò kún fún àpáta tí kò sí, a kò sì ní mọ ibi tí a ó gbà. Wọn kò parọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni ṣáàtì ayé fi kún fún àpáta àti erékùṣù tí ẹnìkan rí lẹ́ẹ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò tún rí mọ́. Sandy Island wà lórí máàpù láàárín Ọsirélíà àti New Caledonia títí di 2012, nígbà tí ọkọ̀ ìwádìí Southern Surveyor gba orí rẹ̀ kọjá tí kò bá nǹkankan níbẹ̀ ju omi tó jìn lé ní ẹgbẹ̀rún mítà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àtakò yìí ń bá jà: ó ń bá ìfura tí a gbé sórí ṣáàtì láìyẹ̀ ẹ́ wò jà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìfura tí a tọ́jú sínú àpótí dátà títí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin tó ń sẹ́ ògì kì í da èérí padà sínú ìkòkò, kì í sì í dà á sí àkìtàn. Ó ń yà á sọ́tọ̀ ni. Ṣáàtì kò gbọdọ̀ ní èérí. Àpótí dátà gbọ́dọ̀ ní in. Òpin sì gbọ́dọ̀ wà fún ìfura: bí ọkọ̀ bá tún gba orí ojú náà lẹ́ẹ̀mejì láti ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìró kò sì bá nǹkankan, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n náà pé a lọ wò ó, kò sí níbẹ̀, ní ọjọ́ báyìí. Àkọsílẹ̀ irú èyí gan-an ló ṣọ̀wọ́n fún àwọn erékùṣù àlá ayé àtijọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àtakò ti àyè inú kọ̀ǹpútà kò tó ohun tí à ń jiyàn lé. Àmì tí a fi sára ìwọ̀n kan kéré ju ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀ lọ, owó dísìkì tó lè gba iṣẹ́ odidi oṣù kan kò sì tó owó epo tí ọkọ̀ ìwádìí ń jó. Ti àkókò ló ní ìwúwo díẹ̀. Bí oníṣẹ́ bá ní láti fi ojú ara rẹ̀ wo gbogbo ìwọ̀n, iṣẹ́ ọjọ́ kan lórí omi á gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ ní ọ́fíìsì. Nítorí èyí gan-an ni wọ́n ṣe wá ọ̀nà bíi CUBE. Ojú ènìyàn sì máa ń rẹ̀. Gbé dátà kan náà fún ọ̀gbọ́ntarìgì méjì, ohun tí wọn yóò yọ kò ní jọra. N kò sọ pé kí ènìyàn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Kí ẹ̀rọ máa sẹ́, kí ó máa yára, kí ó máa fi àmì sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún láìsinmi. Kí ènìyàn wá wo ìwọ̀nba tó wà nínú ọ̀nà ọkọ̀, tó ga ju àyíká rẹ̀ lọ débi tó lè kan ìdí ọkọ̀. S-44 ti fún wa ní ààlà tí a lè dì mú: ní Special Order, ohun tó bá gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan gbọ́dọ̀ hàn. Nígbà náà, ìwọ̀n èyíkéyìí tó bá ga ju àyíká rẹ̀ ní mítà kan nínú ọ̀nà ọkọ̀ kò yẹ kó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ nìkan.

Ẹ̀yin ọmọ ogun lè sọ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, pé ojú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi kì í ṣe ohun tí à ń tẹ́ sí ọjà. Mo gbà. N kò bèèrè pé kí ẹ gbé ìwọ̀n yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Títọ́jú yàtọ̀ sí títẹ̀jáde. Ohun tó yẹ kí àwọn ará ìta rí kò ju àkọsílẹ̀ kékeré kan lọ: ọjọ́ tí wọ́n wọn ibẹ̀, irú ẹ̀rọ tí wọ́n lò, irú asẹ́, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n fi àmì sí, àti iye ìfura tí wọn kò tíì yanjú. Ṣáàtì orí kọ̀ǹpútà ti ní àyè fún irú ìṣòótọ́ bẹ́ẹ̀; àmì tí wọ́n ń pè ní CATZOC, láti A1 dé D, pẹ̀lú U fún ibi tí wọn kò tíì yẹ̀ wò, ni atukọ̀ fi ń mọ bí òun ṣe lè gbẹ́kẹ̀lé ojú omi kan tó. Òǹkà ìwọ̀n tí ẹ kọ̀ kò tú àṣírí ogun kankan.

Ohun kan sì wà tí ẹ̀yin tí ẹ ń ro ti ọkọ̀ nìkan lè má kà sí. Ohun tó jẹ́ ariwo lójú ẹnìkan ni iṣẹ́ ẹlòmíràn. Kòtò jíjìn tí ẹ̀rọ rí láàárín ọ̀sà kò dí ọkọ̀ kankan lọ́nà, asẹ́ lè dí i pa láìsí ẹni tí yóò sunkún; ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ibi tí àwọn awayanrìn ti wà kọjá ìwọ̀n, ẹnjinníà tó fẹ́ mọ ìdí tí etí omi kan fi ń ya lulẹ̀ sì ń wá a. Ní oṣù Kẹta 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì gé lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire, báńkì àti tẹlifóònù sì dákú ní Nàìjíríà àti káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilẹ̀ abẹ́ òkun tó ṣí kúrò ni wọ́n fura sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ ń ṣí kúrò létí ọ̀gbun abẹ́ òkun gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n ọdún kan wé ti òmíràn, ìyàtọ̀ tó sì ń wá lè kéré débi pé asẹ́ tó ń dán ojú ilẹ̀ yóò nù ún kúrò. Kò lè bẹ̀ yín pé kí ẹ dá ohun tí ẹ ti pa rẹ́ padà.

Àsìkò tí èyí bọ́ sí dára. NNS Lana, ọkọ̀ ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ OCEA kàn ní ilẹ̀ Faransé, dé sọ́wọ́ yín ní 2021. Èbúté Lekki, tí wọ́n ṣí ní 2023 pẹ̀lú omi tó jìn ní mítà 16.5, ń gba ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ wọlẹ̀ ju ti èyí tí Apapa ń gbà lọ. Àṣà tí ẹ bá fi lélẹ̀ nísinsìnyí ni àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ yín yóò gbà pé iṣẹ́ ni. Nítorí náà, kí òjò tó ń bọ̀ yìí tó dé, ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn iṣẹ́ wíwọn omi tí ẹ bá tún fọwọ́ sí sọ ọ́ ní kedere pé fáìlì àkọ́kọ́, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, jẹ́ ti ìjọba, a sì gbọ́dọ̀ gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti sẹ́, kí a tó san owó tó kẹ́yìn. Kí ó sọ pé wọn yóò máa wọn iyọ̀ àti ìgbóná omi lẹ́ẹ̀kan síi nígbàkigbà tí omi bá yí padà, pàápàá ní ẹnu ọ̀nà òkun lásìkò òjò, wọn yóò sì fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú fáìlì kan náà. Kí ó sọ pé ohun gíga tó dá dúró nínú ọ̀nà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ rí ìlà kejì gbà kí ọkọ̀ ìwádìí tó kúrò lójú omi, nígbà tí epo àti àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹnìkan bá rí i lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rò pé gbogbo rẹ̀ pọ̀ jù fún àdéhùn kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti fáìlì àkọ́kọ́. Àwọn yòókù ṣeé fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n dátà tí wọ́n bá fi ọdún yìí jù nù kò ní dúró dè wá.